Ẹranko Gba Oríkì, Aláàárù Gba Ẹrù: Lámèyítọ́ Ìwé African Game Trails

Nínú gbogbo ìwé tí àwọn àlejò kọ nípa ìrìn àjò láàárín ẹranko igbó ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, díẹ̀ ni ipa wọn jinlẹ̀ tó ti African Game Trails, tí Theodore Roosevelt kọ. Ilé ìtẹ̀wé Charles Scribner's Sons ló gbé e jáde ní New York lọ́dún 1910, lẹ́yìn tí ìwé ìròyìn wọn ti ń tẹ apá kọ̀ọ̀kan rẹ̀ láti ọdún 1909. Ìtàn ọ̀wọ́ èèyàn tó jọ ń rìn ni. Wọ́n kó àgọ́, ìkòkò, ìbọn, iyọ̀ àti ìwé; wọ́n ń pàgọ́ síhìn-ín lónìí, wọ́n ń ká a lọ́la, láti Mombasa létí òkun títí dé Khartoum lórí odò Náílì. Ilẹ̀ tí wọ́n gbà kọjá ti di orílẹ̀-èdè mẹ́rin báyìí: Kẹ́ńyà, Ùgáńdà, Gúúsù Sùdáànù àti Sùdáànù. Àwọn tó ń wọ ọkọ̀ akẹ́rù lónìí láti Nairobi lọ sí Victoria Falls, ogún èèyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ọkọ̀ kan, tí wọ́n ń sùn nínú àgọ́, tí wọ́n ń jí wo erin àti kìnnìún, ipasẹ̀ tí irú ìwé báyìí là sílẹ̀ ni wọ́n ń tọ̀, bí púpọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ ṣí i rí.

Ìdí nìyí tó fi yẹ ká padà sí i, ká sì gbé e lé òṣùwọ̀n láìṣègbè. Èrò mi lórí ìwé náà ṣe é sọ ní gbólóhùn kan: ó kọ́ wa bí a ti í wo ẹranko ju bí a ti í wo ẹni tó ru ẹrù wa dé ibi tí a ti rí ẹranko náà. Ìmọ́lẹ̀ ìwé náà wà nínú apá kìíní ọ̀rọ̀ yẹn, àbùkù rẹ̀ wà nínú èkejì. Ìwọ̀n méjèèjì ni a óò yẹ̀ wò.

Ìrìn àjò náà

Ní oṣù Kẹta ọdún 1909 ni Roosevelt gbé ipò Ààrẹ Amẹ́ríkà sílẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú Kermit, ọmọ rẹ̀, ẹni ọdún 19 tó ṣì ń kàwé ní Yunifásítì Harvard. Ẹni àádọ́ta ọdún ni bàbá. Ìrìn àjò náà kì í ṣe fàájì lásán. Ilé-iṣẹ́ Smithsonian ní Washington ló fún un ní iṣẹ́ pé kí ó kó ẹranko, ẹyẹ àti ewéko wá fún mùsíọ́ọ̀mù tuntun tí wọ́n ń kọ́. Wọ́n fi onímọ̀ mẹ́ta tẹ̀ lé e: Edgar Mearns, dókítà ológun tó ti fẹ̀yìn tì, tó sì mọ ẹyẹ dunjú, Edmund Heller, tó mọ bí a ti í bó awọ ẹranko ńlá kí ó má bàjẹ́, àti J. Alden Loring, tó ń fi tàkúté mú ẹranko kéékèèké. Andrew Carnegie wà lára àwọn tó dá owó iṣẹ́ náà. Ní ti Roosevelt, Scribner's ti ṣe àdéhùn $50,000 pẹ̀lú rẹ̀ fún àkọsílẹ̀ tí yóò máa fi ránṣẹ́. Èyí já sí pé láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni òǹkàwé ti ń dúró dè é, ó sì hàn nínú ìwé náà: ọ̀pọ̀ orí rẹ̀ ló tutù yọ̀yọ̀ bíi ohun tí a kọ lálẹ́ ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀.

Wọ́n gúnlẹ̀ sí Mombasa ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin. Wọ́n wọ rélùwéè tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi òógùn àwọn òṣìṣẹ́ láti Íńdíà là wọ inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n sì bá ọ̀wọ́ wọn pàdé ní pápá Kapiti, níbi tí àgọ́ ti tò lọ rẹrẹẹrẹ, tí àsíá Amẹ́ríkà sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ níwájú àgọ́ Roosevelt. Òyìnbó méjì tí iṣẹ́ ọdẹ ti mọ́ lára, R. J. Cuninghame àti Leslie Tarlton, ni wọ́n ṣètò gbogbo rẹ̀. Láti ibẹ̀, wọ́n kọjá sí oko àwọn òyìnbó tó wà nítòsí Nairobi, sí pápá Sotik, sí adágún Naivasha, sí ẹsẹ̀ Òkè Kẹ́ńyà, sí orí òkè pẹrẹsẹ Uasin Gishu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rékọjá sí Ùgáńdà, wọ́n gba Entebbe àti Kampala dé adágún Albert, wọ́n sì tẹ̀ lé odò Náílì dé Lado, tó wà lábẹ́ àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù nígbà náà. Ní oṣù Kẹta ọdún 1910 ni wọ́n dé Khartoum, níbi tí Edith ìyàwó rẹ̀ àti Ethel ọmọbìnrin rẹ̀ ti wá pàdé rẹ̀.

Ojú tó mọ ẹranko wò

Ẹni tó bá ṣe ohun tó dára, ẹ jẹ́ ká yìn ín. Roosevelt mọ ẹranko wò, kò sì sí ẹni tó ka ìwé yìí tán tí yóò jiyàn rẹ̀. Kì í kàn wí pé òun rí àgùnfọn. Ó ń sọ ibi tí ó dúró, bí ó ṣe yí ọrùn, ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe lákòókò náà, irú ẹyẹ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àti bí ó ti jìnnà tó kí ó tó fura. Ẹni tó ti gbọ́ ìjálá rí yóò mọ irú ojú yìí. Nínú ìjálá, ọdẹ wa kì í dárúkọ erin kí ó sì dákẹ́. Ó ń fi ìrìn rẹ̀ kì í, ó ń fi etí rẹ̀ kì í, ó ń fi ohun tó ń ṣe sí igi àti sí oko kì í, títí tí ẹni tí kò rí erin rí yóò fi mọ̀ ọ́n. Àwọn ojú ìwé tó dára jù nínú African Game Trails ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ẹ mú orí tó sọ nípa erin ní ẹsẹ̀ Òkè Kẹ́ńyà. Àwọn ọdẹ Ndorobo ló ń tọ ipasẹ̀ níwájú nínú igbó dídí, Roosevelt àti Cuninghame sì ń tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ń gbọ́ erin kí wọ́n tó rí i: igi ń ṣẹ́, ikùn àwọn ẹranko ńlá náà ń kùn. Nígbà tí akọ kan yọ orí, Roosevelt yìnbọn, erin náà sì ṣubú. Kí ó tó ráyè ki ìbọn náà, igbó tó wà lápá òsì rẹ̀ là sí méjì, akọ mìíràn sì já wọlé, ó súnmọ́ ọn débi pé ọwọ́jà rẹ̀ lè kàn án. Roosevelt fò sẹ́yìn igi, ó ń ki ọta bọ ìbọn. Cuninghame yìn lẹ́ẹ̀mejì, erin náà yà bàrá, ó sì wọ igbó lọ. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, àkọsílẹ̀ náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀: kò fa ọ̀rọ̀ gùn, kò fi ara rẹ̀ ṣe akọni, kò sì fi pa mọ́ pé Cuninghame ni kò jẹ́ kí ọ̀ràn ibẹ̀ burú. Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n dáná sẹ́gbẹ̀ẹ́ erin tó kú; òǹkọ̀wé gé ọkàn rẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó fi igi yan án lójú iná, ó sì jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìdùnnú nítorí ebi ti pa á. Irú nǹkan kékeré báyìí ló ń jẹ́ kí ìwé náà dúró.

Ojú yìí kì í ṣe ojú ọdẹ nìkan. Ojú ẹni tó ń béèrè ìdí ni pẹ̀lú. Ní àkókò náà, Abbott Thayer, ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà, ti ń kọ́ àwọn èèyàn pé àwọ̀ ara ẹranko gbogbo ló wà láti fi í pa mọ́, títí kan ilà ara kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà. Roosevelt fi odindi àfikún kan nínú ìwé náà tako èyí. Ohun tó sọ rọrùn: òun dúró ní pápá gbalaja, òun rí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà láti òkèèrè, ẹranko náà kò sì gbìyànjú láti sá pa mọ́; ojú, etí àti imú rẹ̀ ló gbẹ́kẹ̀ lé. Ohùn rẹ̀ le ju bó ti yẹ lọ níbẹ̀, nítorí àwọn ẹranko kan wà tí àwọ̀ ń pa mọ́ ní tòótọ́. Síbẹ̀, lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà gan-an, àkókò ti dá a láre lọ́nà tí òun fúnra rẹ̀ kò rò: ìwádìí òde òní, pàápàá ti Tim Caro àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, fi hàn pé eṣinṣin tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹranko kì í lè bà sórí ilà náà dáadáa. Ẹni tó gbára lé ohun tí ojú rẹ̀ rí ní pápá sún mọ́ òtítọ́ ju ẹni tó jókòó sílé ro ó lọ.

Mo tún gbọ́dọ̀ yìn ín fún àyè tó fún ohun kéékèèké. Òǹkọ̀wé mìíràn ì bá máa fò láti orí kìnnìún bọ́ sórí erin. Roosevelt dúró lórí eku, asín, àdán àti ẹyẹ inú ẹsùnsùn, ó sì jẹ́ kí a mọ̀ pé tàkúté Loring àti sùúrù Mearns ló kó èyí tó pọ̀ jù wálé. Ẹranko tó tó 11,400 ni wọ́n kó dé Washington lápapọ̀, ohun tó kéré ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àlàyé rẹ̀ lórí ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ, ibi tí ó ń sùn àti wákàtí tí ó ń jáde ṣì wúlò fún ẹni tó bá fẹ́ mọ ilẹ̀ náà bí ó ti rí kí oko àti ìlú tó gbà á.

Inú ibùdó

Nígbà tí a bá kúrò lórí ẹranko tí a wọ inú ibùdó ni ojú yẹn ń di bàìbàì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹrù. Tọ́ọ̀nù iyọ̀ mẹ́rin ni wọ́n kó dání láti fi tọ́jú awọ. Àpótí ìwé kan wà pẹ̀lú, tí Corinne àbúrò Roosevelt fi ta á lọ́rẹ: nǹkan bí ọgọ́ta ìwé tí wọ́n fi awọ ẹlẹ́dẹ̀ dì kí òjò, òógùn àti ẹ̀jẹ̀ má bà á jẹ́. Bíbélì wà nínú rẹ̀, Homer àti Shakespeare wà nínú rẹ̀. Ó ń kà wọ́n lábẹ́ igi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, àti nígbà tí ó bá ń dúró kí wọ́n pàgọ́. Ohun tó dára púpọ̀ ni pé èèyàn ń kàwé nínú igbó, orí tó kọ nípa àwọn ìwé náà sì wà lára èyí tó dùn jù. Àpótí náà wọ̀n tó nǹkan bí ọgọ́ta pọ́ùn, ìyẹn kílò 27. Ó fi inú dídùn ṣàlàyé pé ẹrù aláàárù kan gan-an ni. Orúkọ àwọn tó kọ ìwé inú àpótí ni a gbọ́. A kò gbọ́ orúkọ ẹni tó rù ú.

Àwọn aláàárù, àwọn ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n ń pè ní askari, àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin, àwọn agbébọn àti àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ inú àgọ́ tó bí igba. Láìsí wọn, kò sí ìrìn àjò. Kì í ṣe pé Roosevelt kò rí wọn. Ó sọ bí wọ́n ti ń wọ ibùdó ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú orin, ìlù àti fèrè tí wọ́n fi ìwo ẹran ṣe. Ó fẹ́ràn wọn, ó sì wí bẹ́ẹ̀. Ó tilẹ̀ jẹ́wọ́ pé àgọ́ òun dùn ju bí òun ti ń gbé nígbà tí òun ń da màlúù ní Dakota lọ: wọ́n ń pọn omi ìwẹ̀ fún un, èèyàn méjì, Ali àti Bill, ló sì ń tọ́jú àgọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tó ní sí àwọn aláàárù jẹ́ ìfẹ́ tí àgbà ní sí ọmọdé. Ọmọdé ló fi wọ́n wé, láìmọye ìgbà. Ẹni tó bá ru kílò 27 la pápá gbígbóná kọjá, tó sì débẹ̀ tó ń kọrin, àgbàlagbà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ìwé tó lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín irú ẹtu bíi mẹ́wàá nípa ìwo wọn kò gbìyànjú tó láti fi ìyàtọ̀ hàn láàárín igba ọkùnrin.

A ò ní ṣègbè: ó dárúkọ àwọn kan. Àwọn tó ń gbé ìbọn tẹ̀ lé e àti tẹ̀ lé Kermit, bíi Kongoni, Gouvimali, Juma Yohari àti Kassitura ọmọ Basoga, ní ìrísí àti ìwà nínú ìwé náà. A mọ ẹni tí ẹ̀rù kì í bà, a mọ ẹni tó tètè ń rí ẹran. Bí Roosevelt ti kọ nípa àwọn wọ̀nyí fi hàn pé ó ní agbára láti kọ nípa àwọn yòókù, bí ó bá fẹ́. Àwọn tó dúró tì í nígbà tí ẹran bá ń bọ̀ ni wọ́n di èèyàn lójú rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn lábẹ́ ẹrù di ogunlọ́gọ̀.

Òǹkàwé Yorùbá ní ìdí láti ṣàkíyèsí èyí, nítorí ìtàn ìrìn àjò nínú igbó ní òfin lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí Fágúnwà kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1938, tí Àkàrà-Ògùn sì fẹ́ lọ sí Òkè Lángbòdó, a kò gbéra títí tí a fi mọ àwọn tó jọ ń lọ: Kàkó, Ìmọ̀dòye, Olóhùn-iyọ̀, Ẹlẹ́gbèdè-ọdẹ, Èfòìyè àti Àràmàǹdà-ọkùnrin. Olúkúlùkù ló ní ẹ̀bùn tirẹ̀, ẹ̀bùn náà sì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ọ̀nà bá dí. Mo mọ̀ pé ìtàn àròsọ ni ti Fágúnwà, àkọsílẹ̀ ojú-mi-ló-ṣe ni ti Roosevelt. Ìlànà ìtàn náà ṣì dúró: àwọn tó jọ rìn ló ni ìrìn àjò.

Ìbọn àti ìṣirò

Ohun tó ń kọ́kọ́ bí òǹkàwé òde òní nínú ni iye ẹranko tó kú. Roosevelt kò fi í pa mọ́. Ó tò ó sílẹ̀ nínú ìwé náà, ẹran kan tẹ̀ lé òmíràn, tirẹ̀ lápá kan, ti Kermit lápá kejì: 296 fún bàbá, 216 fún ọmọ, 512 lápapọ̀. Kìnnìún 17 wà nínú rẹ̀, erin 11 àti àgbáńréré 20. Ó ní àwọn kò pa ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí àwọn ì bá pa, pé ohun tí mùsíọ́ọ̀mù nílò àti ohun tí ibùdó yóò jẹ ni àwọn pa, àti pé díẹ̀ péré ni àwọn mú fún ara àwọn. Ó bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn tó ń pa ẹran ní ìpakúpa, ó sì bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣọdẹ rárá.

Ó yẹ ká gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ẹni tó sọ̀rọ̀ yìí ló dá ọgbà ìtura orílẹ̀-èdè márùn-ún àti ibi ààbò ẹyẹ 51 sílẹ̀ nígbà tó wà lórí oyè. Kì í ṣe apẹran lásán. Àkọsílẹ̀ tó tò yẹn sì ní ìwà ọmọlúàbí nínú: ọ̀pọ̀ ọlọ́dẹ ìgbà náà ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ iye tí wọ́n pa. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tí òun fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ ni a óò fi wọ̀n ọ́n, ibi tí òṣùwọ̀n náà sì ti le jù ni Lado.

Wọ́n lọ síbẹ̀ nítorí ẹran kan ṣoṣo: àgbáńréré ẹlẹ́nu pẹrẹsẹ tí wọ́n ń pè ní funfun, irú ti àríwá. Wọ́n pa mẹ́sàn-án, Roosevelt márùn-ún, Kermit mẹ́rin. Ní ojú ìwé kan náà, òǹkọ̀wé sọ pé ìmọ̀ lórí ẹran yìí kò tíì tó láti mọ̀ bóyá ó ń lọ sí ìparun, àti pé nítorí èyí, àwọn kò ní pa á fún ẹ̀ṣọ́ ara ògiri; fún àwọn mùsíọ́ọ̀mù nìkan ni. Ó tún dá a lábàá pé kí ìjọba fòfin de pípa rẹ̀ títí tí ìwádìí yóò fi parí. Ó mọ ewu náà, ó kọ ewu náà sílẹ̀, ó sì yìnbọn. Kò sí ibòmíràn nínú ìwé náà tí ìmọ̀ àti ìṣe ti fojú rinjú tó bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe mẹ́sàn-án yẹn ló pa irú ẹran náà run. Ogun àti àwọn olówò ìwo ní Kóńgò, Sùdáànù àti Ùgáńdà ló ṣe é, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Síbẹ̀ ohun tó bẹ̀rù ṣẹ. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹta ọdún 2018, akọ tó kẹ́yìn, tí wọ́n ń pè ní Sudan, kú ní ọgbà ẹranko Ol Pejeta, nítòsí Òkè Kẹ́ńyà tí Roosevelt ti pa erin rẹ̀ àkọ́kọ́. Abo méjì ló kù, Najin àti ọmọ rẹ̀ Fatu, ẹ̀ṣọ́ tó gbébọn sì ń ṣọ́ wọn tọ̀sántòru. Àwọn onímọ̀ ń gba ẹyin lára Fatu, wọ́n ń pa á pọ̀ mọ́ àtọ̀ tí wọ́n ti tọ́jú sínú yìnyín, kí ìran náà má bàa parẹ́. Ìlú kan wà létí odò Náílì ní Ùgáńdà tí wọ́n ń pè ní Rhino Camp títí dòní. Ẹni tó bá ka orí Lado pẹ̀lú gbogbo èyí lọ́kàn kò ní lè kà á bí àwọn tó kà á ní 1910.

Ilẹ̀ ta ni?

Àìda kẹta wà tí kò ṣe é gbójú fò. Láti orí kìíní, nígbà tí wọ́n jókòó síwájú ẹ́ńjìnnì rélùwéè tí wọ́n ń wo ẹranko lọ́tùn-ún lósì, Roosevelt ti pinnu pé ayé àtijọ́, ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ni rélùwéè náà ń gbà kọjá. Àwòrán náà fa ojú mọ́ra. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé ó kó àwọn èèyàn ibẹ̀ mọ́ ẹranko sínú ayé àtijọ́ kan náà, bí ẹni pé àwọn kò ní lánàá, wọn kò sì ní ọ̀la. Láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sí pé ilẹ̀ òkè Kẹ́ńyà jẹ́ ilẹ̀ tí òyìnbó yẹ kó tẹ̀dó sí, ó sì ń gbóríyìn fún àwọn tó ń dáko níbẹ̀.

Ilẹ̀ náà kò ṣófo. Ní 1904 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi àdéhùn kó àwọn Maasai kúrò nínú àfonífojì ńlá tí wọ́n ń pè ní Rift Valley kí òyìnbó lè ráyè. Ní 1911, ọdún kan lẹ́yìn tí ìwé náà jáde, wọ́n tún fi àdéhùn mìíràn ṣí wọn nídìí. Ní ti àwọn Nandi, a rí wọn nínú ìwé náà ní Uasin Gishu nínú ìran tó lágbára ju gbogbo ìran yòókù lọ. Àwọn òyìnbó fi ẹṣin lé kìnnìún onírun ńlá kan dé pápá, àwọn ọdọ́kùnrin Nandi fi asà àti ọ̀kọ̀ yí i ká, wọ́n ń sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, kìnnìún náà ń bú, ó sì já lu ẹni tó wà níwájú rẹ̀ gan-an. Ọ̀kọ̀ wọlé láti ìhà gbogbo, ó sì parí ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Roosevelt kọ ọ́ bí ẹni tí ìgboyà àwọn ọkùnrin náà mì títí, ọ̀wọ̀ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀tàn. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin péré ni ó ti kọjá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì pa Koitalel arap Samoei, aṣáájú àwọn Nandi, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti ń bá rélùwéè náà jà. Ọ̀kọ̀ tí àlejò wò gẹ́gẹ́ bí eré ní 1909 ti fìgbà kan jẹ́ ọ̀kọ̀ tó ń gbèjà ilẹ̀. Ìwé náà kò dúró lórí ìyẹn, àìdúró rẹ̀ sì dín ìtumọ̀ ìran náà kù.

Ohun tó kù fún arìnrìn-àjò òní

Púpọ̀ ti yí padà láti ìgbà náà. Kẹ́ńyà fòfin de iṣẹ́ ọdẹ ní 1977; kámẹ́rà ti gba ipò ìbọn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó èrò gba Serengeti, adágún Malawi, Chobe àti Etosha, àwọn èrò fúnra wọn ló ń pàgọ́, wọ́n ń pín iṣẹ́ ìdáná àti ìfọbọ́ láàárín ara wọn. Èyí dára ju ti Roosevelt lọ, mo sì rò pé ó yẹ ká sọ ọ́ kedere: ẹni tó pa àgọ́ ara rẹ̀ nínú òjò mọ iye tí àgọ́ náà ń ná ara. Lórí òkè Kilimanjaro, níbi tí aláàárù ṣì wà, òfin ti wà pé ẹrù wọn kò gbọdọ̀ ju kílò 20 lọ. Àpótí ìwé Roosevelt kì bá kọjá ẹnubodè.

Bẹ́ẹ̀ náà ni púpọ̀ kò yí padà. Ẹ ka ìwé àti ìwé ìròyìn tí àwọn arìnrìn-àjò ń kọ lónìí. Ẹ óò rí kìnnìún lórí igi, ẹ óò rí òòrùn tó ń wọ̀, ẹ óò rí orúkọ ẹyẹ. Ẹ wá orúkọ ẹni tó wa ọkọ̀ náà láti orílẹ̀-èdè kan dé èkejì, tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nubodè nígbà tí àwọn èrò ń sùn, tó sì mọ ibi tí erin ń gbà rékọjá lálẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ kò ní rí i. Àṣà tí African Game Trails kọ́ ayé nìyí: kí a rí ẹranko yékéyéké, kí a sì rí òṣìṣẹ́ fìrí.

Ìdájọ́ mi

Ìwé ńlá ni African Game Trails. Mo gba ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ nípa ẹranko nímọ̀ràn pé kí ó kà á, pàápàá orí erin ní Òkè Kẹ́ńyà, orí Nandi àti àfikún lórí àwọ̀ ẹranko. Yóò kọ́ bí a ti í dúró jẹ́ẹ́, bí a ti í fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ sọ ohun tó pọ̀, àti bí a ti í fi ojú ara ẹni yẹ èrò àwọn ọ̀mọ̀wé wò. Orí Lado, kí ó kà á díẹ̀díẹ̀, kí ó sì rántí Najin àti Fatu.

Ṣùgbọ́n kí ó má fi ṣe àwòkọ nínú bí a ti í kọ nípa èèyàn. Roosevelt ní gbogbo irinṣẹ́ tó lè fi ṣe é dáadáa: ó rí wọn lójoojúmọ́ fún nǹkan bí ọdún kan, ó ní ìwé àjákọ, ó ní àánú, ó ní ọ̀rọ̀. Ohun tí kò ní ni ìgbàgbọ́ pé ìtàn wọn jẹ́ apá kan ìtàn tirẹ̀. Àtúnṣe náà kò sì ṣòro fún ẹni tó bá fẹ́ kọ ìrìn àjò tirẹ̀ lónìí. Kí ó tó ka iye erin tí ó rí, kí ó kọ orúkọ ẹni tó wa ọkọ̀, orúkọ ẹni tó se oúnjẹ àti orúkọ ẹni tó tọpa ẹran sílẹ̀, ibi tí wọ́n ti wá, ohun tí wọ́n mọ̀ tí òun kò mọ̀, àti iye tí wọ́n gbà fún iṣẹ́ wọn.